Jígí Ojú Bàbá Àgbà Tó Wà ní Mùsíọ̀mù: Ta Ló Ni Ín Gan-an?

Ọmọ Ìkọ̀lé béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dá ẹbí wa láàmú lórí WhatsApp, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ̀yin tí ara yín balẹ̀ bá wa dá sí i. Bàbá àgbà wa ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ nígbà ayé òyìnbó, lápá Ìkọ̀lé. Jígí ojú kan wà, olójú róbótó, onírin tẹ́ẹ́rẹ́, inú agolo pẹlẹbẹ kan ló máa ń wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ dáódù lọ gbé e fún mùsíọ̀mù kan, kò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí a débẹ̀ lọ wò ó, "Awò ojú àtijọ́, ẹ̀bùn láti ọwọ́ Olóyè" ni wọ́n kọ sára káàdì, orúkọ dáódù wá tẹ̀ lé e gbàgàdà, orúkọ bàbá àgbà kò sí níbẹ̀ rárá. Ibi tí a ti ń bínú ìyẹn ni àbúrò bàbá mi obìnrin kan ti dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wa yé pariwo bàbá, pé jígí yẹn kì í ṣe ti bàbá, ti Yèyé ìyá òun ni, ìyàwó kékeré, tó ń hun kíjìpá. Dáódù sì rèé, ọmọ ìyàwó àgbà ni. Ẹ wo bó ṣe wá dà. Ṣé ó ṣeé ṣe kéèyàn mọ ẹni tó ni jígí tó ti pẹ́ tó báyìí? Orúkọ ta ló sì yẹ kó wà lára káàdì?

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà fèsì:

Àbúrò, kú ọ̀rọ̀ ẹbí. Ṣọ́ọ̀bù jígí ni mo ní níbí ní Òkèṣà, Adó, lẹ́ǹsì ni mò ń gé jẹun, nítorí náà ibi tí mo bá mọ̀ nínú jígí ni màá dúró sí, tó bá di ti òfin kí àwọn lọ́yà àárín wa máa bọ̀.

Káàdì yẹn kò dáa. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ẹni tó gbé nǹkan sílẹ̀ ló ni orúkọ, pé bí kò bá sí ti dáódù ni, inú agolo yẹn ni ì bá ti dógùn-ún tán. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jiyàn. Mùsíọ̀mù náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó fi tọrẹ, torí wọ́n á ní kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe pé ó fi yá wọn, wọ́n á fún jígí náà ní nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wọ́n á kọ bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n ìwé inú ọ́fíìsì nìyẹn. Èèyàn tó dúró síwájú àpótí tó ń wò ó kò bìkítà ẹni tó fi mọ́tò gbé e wá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ojú ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀, kí lẹni náà ń fi í wò, báwo ni jígí òyìnbó ṣe dé ilé kan lápá Ìkọ̀lé láyé tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa kò tíì rí ọ̀dà. Kí orúkọ dáódù wà nísàlẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó tán.

Ti pé ta ló ni ín, jígí fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa sọ o. Mò ń bọ̀, oníbàárà kan wọlé.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

Mo ti dé. Ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Ẹ bẹ àwọn mùsíọ̀mù kí òṣìṣẹ́ wọn gbé e jáde, òun ni kó dì í mú, kì í ṣe ẹ̀yin, òógùn ọwọ́ kò dáa fún irin àtijọ́. Kó gbé ojú kan sókè ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́tà sí, kó jìnnà sí ìwé náà díẹ̀, kó wá rọra fà á lọ sápá ọ̀tún. Bí lẹ́tà inú ẹ̀ bá tóbi sí i tó sì ń sá lọ sósì, plọ́ọ̀sì nìyẹn, jígí ìwé kíkà tàbí ti ẹni tí kì í rí tòsí. Bí lẹ́tà bá kéré tó sì ń bá jígí lọ sọ́tùn-ún, máínọ́ọ̀sì ni, ti ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà kó yí i díẹ̀díẹ̀ lórí ìlà tààrà kan. Bí ìlà yẹn bá ń dagun, sílíńdà wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé agbára lẹ́ǹsì náà kò dọ́gba yíká. Òyìnbó onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ George Airy ló gba irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ jáde fún ojú ara ẹ̀ ní 1825, torí ojú òsì rẹ̀ kò rí nǹkan bó ṣe yẹ. Jígí tó bá ní sílíńdà, ẹnì kan pàtó ni wọ́n gé e fún, ẹlòmíì tó bá wọ̀ ọ́ á kàn máa ní orí fífọ́ ni.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní lẹ́ǹsómítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára lẹ́ǹsì, tó gbà láti gbé e débẹ̀, ìyẹn dáa jù, nọ́ńbà gan-an ló máa fún yín.

Kí ló kan ìjà yín? Tó bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì, ẹni tó ni ín á máa wọ̀ ọ́ kiri ìgboro ni, ẹ máa rí i lójú ẹ̀ nínú fọ́tò, àwọn tó mọ̀ ọ́n á rántí. Tó bá jẹ́ plọ́ọ̀sì lásán, tí ọ̀tún àti òsì bára mu, a jẹ́ pé ojú àgbà ni, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà téèyàn bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún tàbí tó lé díẹ̀, tí ó máa na ìwé jìnnà sójú kó tó lè kà á. Irú ẹ̀ ò nílò kí dókítà yẹ ojú wò, wọ́n ń tà á lórí àtẹ nígbà náà, wọ́n ṣì ń tà á lórí àtẹ ní Ọjà Ọba títí dòní.

Kí wọ́n tún wo inú apá jígí náà àti ibi tó gùn mọ́ imú, kí wọ́n lo awò asọǹkandi-ńlá. Bí wọ́n bá rí AO, American Optical nìyẹn, Southbridge ní Massachusetts ni iléeṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1833, ayé kún fún jígí wọn. Bí wọ́n bá rí "1/10 12K GF", kí ẹnikẹ́ni má lọ pariwo wúrà o, wúrà tí wọ́n fi bo irin mìíràn ni, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ni wúrà kárátì 12. Mo sọ ọ́ torí mo mọ̀ wá ní Èkìtì níbí, tí wọ́n bá ti gbọ́ wúrà, àwọn tó wà ní Canada náà á wọkọ̀ wálé.

Ẹ wo imú ẹ̀ náà. Ṣé ó ní rọ́bà tàbí páàdì kéékèèké méjì tó máa ń gbé e dúró, àbí irin lásán tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ ló gùn mọ́ imú? Irin lásán yẹn ló sábà máa ń dàgbà jù.

* * *

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Róbótó, onírin, ilé olóṣèlú. Jígí Awo ni! Awo ló fún bàbá nígbà kan tí wọ́n wá kámpéènì. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ẹ gba owó.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ jẹ́ kí n kó o pọ̀: ìdajì yín ní jígí Awo ni, àwọn kan ní òyìnbó D.O., ajẹ́lẹ̀ ayé ìgbà yẹn, ló bọ́ ọ lójú ẹ̀ fún bàbá, ẹnì kan ní nǹkan òkú kì í kúrò nílé pé bàbá á máa wo mùsíọ̀mù kiri dípò kó máa wo ọmọ. Sí ti ẹni ìkẹyìn yìí, bàbá ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kó máa wo ìgboro náà díẹ̀.

Ti Awo yẹn, kò sí jígí róbótó tí kì í di ti Awo nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n bí Awólọ́wọ̀ ní 1909. Jígí onírin olójú róbótó ti wà lójú àwọn àlùfáà, akọ̀wé àti tíṣà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, òun náà wọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ń wọ̀ ni, ó kàn jẹ́ pé ó wà lójú ẹ̀ títí tí àwòrán rẹ̀ fi di ti gbogbo wa. Rírí tó rí róbótó kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí tí mùsíọ̀mù ń wá ni pé ta ló fún ta, níbo, nígbà wo, ọwọ́ ta ló bọ́ sí lẹ́yìn náà, kí ó máa so mọ́ra títí dé ọwọ́ ẹni tó gbé e wá. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020 sí jígí Gandhi, aṣáájú tó jà fún òmìnira India. Ẹnì kan ló fi jígí kan sínú àpòòwé, ó tì í bọ inú ihò lẹ́tà ilé gbàǹjo East Bristol Auctions ní England, apá kan tiẹ̀ wà níta, olè ì bá ti fà á lọ. Wọ́n rò pé á pa páùn ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, £260,000 ló pa. Irin ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, wúrà tí wọ́n fi bò ó náà fẹ́lẹ́. Ohun tó gbé owó yẹn ni pé ẹbí náà lè sọ pé ìbátan wọn kan ṣiṣẹ́ ní South Africa láyé tí Gandhi wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti fi í ta á lọ́rẹ, àwọn onígbàǹjo sì yẹ ọjọ́ wò, wọ́n rí i pé ó bára mu. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, to tìrẹ bẹ́ẹ̀ ká gbọ́. Kámpéènì ọdún wo? Ta ló wà níbẹ̀? Bí kò bá sí, ẹ má fi orúkọ ńlá bo bàbá yín mọ́lẹ̀. Akọ̀wé kóòtù tó ń fi ìkọ̀wé gbọọrọ kọ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ìyàwó láti àárọ̀ dé ọ̀sán kò nílò Awo kó tó lè ní ìtàn.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

Ẹni tó ní kí wọ́n gba owó, kì í ṣe àìmọ́gbọ́nwá ni, Èkìtì ti dúnàádúrà pẹ̀lú mùsíọ̀mù rí, mùsíọ̀mù ńlá náà. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tí Ọba jókòó sí apá kan tí òyìnbó wà lórí àga tí àwọn èèyàn ń gbé ní apá kejì, wọ́n gbé e lọ ṣe àfihàn ní Wembley ní 1924. British Museum rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n fẹ́ rà á. Ọba kò gba owó. Ìtẹ́ ni ó gbà, àga ọba tí wọ́n ṣe ní England, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn kan sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, àwọn kan sọ pé Ọba mọ ohun tó ń ṣe, torí Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, ó lè gbẹ́ òmíràn. Lójú tèmi, wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, orúkọ agbẹ́gilére wà lára káàdì ilẹ̀kùn yẹn lónìí, orúkọ Ìkẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, a mọ ẹni tó ni ín kó tó di tiwọn. Iṣẹ́ ọnà Yorùbá mélòó ló wà ní Yúróòpù tó jẹ́ orúkọ òyìnbó tó kó o ni ẹ máa rí, ẹni tó gbẹ́ ẹ "a kò mọ̀ ọ́n". Òun ni inú mi kò ṣe dùn sí káàdì dáódù. Ọmọ wa ń ṣe fún bàbá ẹ̀ ohun tí òyìnbó ṣe fún wa.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

Lọ́yà tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀rò, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Fún ẹni tí kò kà á: wọ́n ní bí jígí bá jẹ́ ti bàbá, tí bàbá kú láìṣe ìwé ìhágún, ohun ẹbí ni, wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn ọmọ kọ̀ọ̀kan, dáódù lè máa bójú tó o ṣùgbọ́n kò yẹ kó dá nìkan fi tọrẹ láìfi tó ìdí-igi kejì létí. Bí ó bá wá jẹ́ ti Yèyé, dáódù kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀ rárá, torí ohun ìní ìyá, ọmọ tí ìyá bí ló ni ín. Ẹ ti rí ìdí tí àbúrò bàbá yín obìnrin fi ń bínú. Káàdì kọ́ ló ń bá jà.

Àwọn tó ń dẹ́rù bà wọ́n pé ìjọba máa gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ fara balẹ̀. Òfin 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù, sílẹ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n lò fún orò àti ìsìn ìbílẹ̀. Jígí tí wọ́n rọ nílẹ̀ òyìnbó kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ Èkìtì. Tó bá jẹ́ ère ìdí ojúbọ ni dáódù gbé jáde ni ẹjọ́ ì bá yàtọ̀.

Níbi tí èmi àti lọ́yà ti yapa ni pé wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ gba jígí padà kí ẹ tó jíròrò. Rárá o. Bí ẹ bá gbà á padà, ilé ta ló máa wà? Ìdí-igi kan á gbé e pamọ́ fún ìdí-igi kejì, bó bá ṣe ogún ọdún ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, káàdì ni kí ẹ bá jà.

* * *

Ọmọ Ìkọ̀lé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá wa. A débẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa fún wa, wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ kékeré wá. Plọ́ọ̀sì 2.75 ni ojú méjèèjì, kò sí sílíńdà. Irin lásán ló gùn mọ́ imú, kò sí páàdì. Ojú òsì ti sán níwájú. Nǹkan kan tí a ò rí tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n fi òwú aláró di apá ọ̀tún láti ibi tó ti tẹ̀ sẹ́yìn etí, wọ́n wé e mọ́ra gan-an. Mo tún rí fọ́tò bàbá méjì, jígí dúdú férémù nínípọn ló wà lójú ẹ̀ nínú méjèèjì, kì í ṣe eléyìí. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ní àwọn máa tú òwú yẹn kí ó lè mọ́, dáódù sì ti ní òun máa sanwó kí wọ́n fi lẹ́ǹsì tuntun sí i kí wọ́n fi nǹkan nù ún kó máa dán.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ TÚ ÒWÚ YẸN.

Ẹ pè wọ́n lónìí, kó má di ọ̀la. Àbúrò, òwú yẹn ló níyì jù lára gbogbo jígí náà, irú irin yẹn pọ̀ láyé, òwú yẹn kò ní èkejì. Ẹni tó wé e ní òwú nílé, ó sì mọ òwú dì. Akọ̀wé kóòtù tí irin jígí rẹ̀ bá ń gún un létí, ọ̀pọ̀ ìgbà á wá ẹni tó máa tún un ṣe, tàbí kó fi páálí tẹ̀ ẹ́. Ahunṣọ ló máa na ọwọ́ sí òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ mú bíńtín lára kíjìpá tí Yèyé hun, tí ẹ bá ṣì ní in nílé, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ran òwú àti bí aró ṣe rí. Ojú lásán lè sọ nǹkan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé nínú ẹ̀.

Lẹ́ǹsì tuntun náà, rárá. 2.75 tí ẹ rí yẹn, lára lẹ́ǹsì àtijọ́ yẹn ló wà. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọ́n fi pílásítíìkì tuntun sí i, ẹ ti sun ẹ̀rí níná. Sísán tó sán náà, ẹ jẹ́ kó sán. Mo ń tún jígí ṣe jẹun, owó ló máa wọlé fún irú èmi tí ẹ bá tún un ṣe, mo ṣì ń sọ pé ẹ má ṣe é. Jígí tí oníbàárà máa wọ̀ jáde lọ́la ni a ń tún ṣe, eléyìí kò ní wọ ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

Ẹ ti ń pariwo pé a ti borí, pé ti Yèyé ni. Mo fẹ́ da omi tútù sí i díẹ̀.

Plọ́ọ̀sì 2.75, bí ojú ẹni náà kò bá ní ẹjọ́ mìíràn, tó sì ti dàgbà tí ojú rẹ̀ ò lè ran ara ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36 síwájú ojú ló ti máa ń jẹ́ kó rí kedere. Ìwé nìyẹn. Abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ahunṣọ tó jókòó sí ìdí òfì tó dúró lára ògiri, aṣọ rẹ̀ sábà máa ń jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, 2.75 á jẹ́ kí òkè àti ẹ̀gbẹ́ aṣọ máa ṣú lójú ẹ̀. Nítorí náà nọ́ńbà ń fà sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé, òwú ń fà sí ọ̀dọ̀ ahunṣọ.

Ẹnì kan ti sáré sọ pé "ó parí nìyẹn, ti bàbá ni." Kò parí. Bí òwú bá já lórí òfì, obìnrin náà á gbé ojú sún mọ́ ọn kó tó lè so ó. Ibẹ̀ gan-an ni 2.75 ti wúlò fún un. Ní ti fọ́tò tí jígí dúdú wà lójú bàbá, jígí sítúdíò lè ni, àwọn ayàwòrán ayé ìgbà yẹn máa ń ní ẹ̀wù kóòtù, aago ọwọ́ àti jígí tí wọ́n fi ń ya oníbàárà. Ó sì lè jẹ́ tiẹ̀ tó rà nígbà tí owó gbé pẹ́ẹ́lí, tí ti àkọ́kọ́ wá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì nínú ilé.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, kò sì ní dùn mọ́ ìdí-igi kankan nínú: jígí ìwé kíkà kì í ní ojú kan ṣoṣo. Títí di ìsinsìnyí, bàbá àti ìyá máa ń jọ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á jọ dán jígí kan wò, bàbá á ní "èyí dáa", ìyá á gbà á, á wò ó, á ní "ó bá èmi náà mu", wọ́n á sanwó ẹyọ kan. Mo máa ń bá wọn jà, wọn kì í gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú bàbá á fi ka Bíbélì, tó bá di Ajé ìyá á fi ṣa èèpo lára ìrẹsì, aládùúgbò á wá yá a kó fi ka lẹ́tà ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. Àwa tí a ń sọ pé kò sí ilé tí kò ní pùròfẹ́sọ̀ ní Èkìtì yìí, ìyá mélòó ló fi jígí ọkọ ṣiṣẹ́ kí owó sukúù tó jáde? Bàbá yín lè rà á, Yèyé lè lò ó bà jẹ́. Méjèèjì ló ni ín. Ẹni tó rà á ti lọ, ẹni tó wé òwú mọ́ ọn ló lò ó kẹ́yìn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọmọ yín kan tó wà ní Ìbàdàn lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì, kó béèrè fáìlì Ekiti Division. Kó má lọ máa béèrè Ìpínlẹ̀ Èkìtì o, 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀, abẹ́ Ondo Province ni Ekiti Division wà láyé bàbá. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀. Tí ọjọ́ tó wọṣẹ́ bá jáde, ẹ lè fi díwọ̀n ìgbà tí owó oṣù rẹ̀ á ti tó jígí rà.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

Ẹni tó béèrè nípa jígí aláwọ̀ ìjàpá bàbá tiẹ̀, pé ó ń là tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́: fi ọwọ́ ra á títí tó máa fi gbóná díẹ̀, kí o gbóòórùn ẹ̀. Bó bá ń rùn bíi káńfọ̀, sẹ́lúlọ́ìdì ni, irú pílásítíìkì àtijọ́ kan. Yọ ọ́ kúrò nínú nylon lónìí. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀ máa ń jẹ irin, ó sì tún ń padà jẹ òun fúnra rẹ̀, pàápàá tó bá há sínú nǹkan tó dé pa. Inú páálí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni kó wà, níbi tó tutù, kó má sí nítòsí jígí onírin, kó má sì sún mọ́ iná rárá torí ó máa ń gbaná wàrà. Ọtí, kẹ́rósì, ọṣẹ ìfọṣọ, má fi èyíkéyìí nù ún.

Ó tán lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká padà sí ti Ìkọ̀lé.

* * *

Ọmọ Ìkọ̀lé:

Wọ́n ti gbà pé àwọn ò ní tú òwú. Wọ́n ní kí ẹbí kọ ohun tí a fẹ́ kó wà lára káàdì ránṣẹ́, kó má ju ìlà mẹ́fà lọ. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká kọ èyí tó dájú nìkan. Dáódù ní kí "Olóyè" má kúrò níbẹ̀.

* * *

Onílẹ́ǹsì Òkèṣà:

Tí ẹ bá ní èyí tó dájú nìkan, "jígí, irin, plọ́ọ̀sì 2.75" ló máa kù, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì máa kọ ọ́, èmi lè kọ ọ́ láti Òkèṣà níbí. Ẹ kọ ohun tí ẹbí ń sọ, kí ẹ sì jẹ́ kó hàn pé ẹbí ló sọ ọ́. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Jígí ìwé kíkà, onírin, láti ilé akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ kan lápá Ìkọ̀lé. Ẹbí sọ pé akọ̀wé náà ló rà á. Ìyàwó rẹ̀, ahunṣọ kíjìpá, náà lò ó. Òwú aláró tí wọ́n wé mọ́ apá ọ̀tún wà bí wọ́n ṣe bá a. Ẹ̀bùn ẹbí, láti ọwọ́ Olóyè."

Ẹ fi orúkọ sí àwọn ibi tó yẹ. Nítorí àbúrò, mo ti ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, "Yèyé" àti "ìyàwó kékeré" nìkan lẹ̀ ń pe obìnrin yẹn. Orúkọ bàbá wà nínú ìwé kóòtù, orúkọ dáódù wà nínú fọ́ọ̀mù. Tiẹ̀ ńkọ́? Má kọ ọ́ síbí o, gbogbo ayé ló ń kà á. Ẹ bi àbúrò bàbá yín obìnrin, òun ló mọ̀ ọ́n jù, kó sọ orúkọ àbísọ rẹ̀, oríkì rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti gbé e wá, kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mùsíọ̀mù pé kó wà nínú ìwé wọn bí kò bá tiẹ̀ gba inú káàdì tán. Inú káàdì, kí orúkọ rẹ̀ wà níbi tí mo kọ "ìyàwó rẹ̀" sí, kí lẹ́tà rẹ̀ bá ti ọkọ rẹ̀ dọ́gba.

Kí ẹnì kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí lẹ́tà náà, kí ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ẹ̀bùn tí dáódù fọwọ́ sí, kí ẹ rí i bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun nìkan ló ni ín, torí bó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ní kí wọ́n tún un kọ. Ti "Olóyè" yẹn, ẹ jẹ́ kó wà. Ó sanwó mọ́tò.